Kókó ọrùn tó ń lù kìkì: Kí ló dé tí àwòrán CT fi gbọ́dọ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́ àti ọ̀bẹ?

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo obìnrin oníṣòwò kan tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Ó ń di gèlè níwájú dígí lọ́jọ́ kan, ìka rẹ̀ sì kan nǹkan kan lábẹ́ párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lápá òsì. Nǹkan náà kò dùn ún, kò sì gbóná. Kò le bí òkúta, bẹ́ẹ̀ ni kò rọ̀ bí eéwo tó ti pọ́n. Ìyá rẹ̀ ní gẹ̀gẹ̀ ni. Aládùúgbò rẹ̀ ní ó jọ sègede. Ẹni tó ń ta oògùn fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn pé kó lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kókó náà kò sì yẹ̀. Oṣù mẹ́fà kọjá, ọdún kan kọjá, ó ṣì wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ ti tóbi díẹ̀ sí i.

Obìnrin yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà tó ń tọ́jú àrùn etí, imú àti ọ̀fun ni yóò dá ìtàn rẹ̀ mọ̀. Ní Nàìjíríà àti káàkiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ọ̀kan lára ohun tí dókítà kọ́kọ́ máa ń fura sí bí kókó bá yọ síni lọ́rùn ni ikọ́ ẹ̀gbẹ, nítorí pé àrùn náà kì í mọ sí inú ẹ̀dọ̀fóró nìkan, ó máa ń mú kí àwọn kókó kéékèèké tó ń gbógun ti àìsàn lọ́rùn wú pẹ̀lú. Wọ́n tún máa ń fura sí jẹjẹrẹ. Ìfura náà kò burú, ohun tó wọ́pọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wá. Ìgbésẹ̀ tó sì sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé kí wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ kókó náà, tàbí kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà bí kókó náà bá jẹ́ èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní carotid body tumour. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, ojú oríta iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ ló sì jókòó sí. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ kàn án láìmọ ohun tó jẹ́ lè bá ara rẹ̀ níwájú ẹ̀jẹ̀ tí kò ní dá bọ̀rọ̀, nínú yàrá kékeré tí kò sí ẹ̀jẹ̀ ìrànwọ́ nílẹ̀.

Àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n, a kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ kókó ọrùn ni kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n ni wọ́n fi ń ṣì í mú.

Ẹ̀yà ara tí kò ju hóró ìrẹsì lọ

Bí ẹ bá fi ìka méjì kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọ̀fun yín jẹ́jẹ́, ẹ ó rí i pé nǹkan kan ń lù níbẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń jẹ́ carotid nìyẹn. Ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan wà lápá òsì. Láti àyà ló ti ń gòkè bọ̀. Nígbà tó bá dé òkè ọrùn, nísàlẹ̀ párì ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń pín sí méjì bí ọ̀nà ṣe ń yà ní oríta. Ẹ̀ka ti inú gba ọpọlọ lọ. Ẹ̀ka ti òde ń bọ́ ojú, ahọ́n, ọ̀fun àti awọ orí. Lẹ́yìn oríta yìí ni ẹ̀yà ara kékeré kan wà, kò ju hóró ìrẹsì lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ju bó ṣe tó lọ. Bí oníbodè ló rí, ó ń yẹ gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá wò bóyá ọ́síjìn inú rẹ̀ tó. Bí kò bá tó, kíá ni yóò ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé kí èémí yára sí i. Corneille Heymans, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Belgium tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Ghent, gba àmì ẹ̀yẹ Nobel ti ọdún 1938 nítorí pé ó ṣàlàyé bí irú àwọn oníbodè báyìí, tó wà lára iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ti ọrùn àti ti àyà, ṣe ń darí èémí.

Nígbà mìíràn, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀yà kékeré yìí a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ kọjá ààlà, wọn a sì di kókó. Kì í yára dàgbà. Mìlímítà díẹ̀ péré ló lè fi tóbi sí i lọ́dún kan. Èyí tó ń tàn dé ibòmíràn lára kò tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, bó ti ń tóbi, ó ń gba àyè mọ́ àwọn tó bá níbẹ̀ lọ́wọ́. Ó lè tẹ iṣan tó ń darí ohùn, ohùn a sì há. Ó lè tẹ èyí tó ń gbé ahọ́n, ahọ́n a sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ènìyàn bá yọ ọ́ síta. Oúnjẹ lè máa há ni lọ́fun. Àwọn mìíràn a máa dákú bí wọ́n bá yí ọrùn padà lójijì.

Àwọn tó ń gbé lórí òkè gíga ló ń mú jù, níbi tí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀, tí oníbodè náà ń fi gbogbo ọjọ́ ayé ṣiṣẹ́ àṣekára. Àwọn dókítà ní Peru àti Mexico ti ń rí i láti ọjọ́ pípẹ́. Ìlú Mexico City fi nǹkan bíi mítà 2,240 ga ju ojú òkun lọ. Kí àwọn ará Jos má ṣe jáyà o: mítà bíi 1,200 péré ni tiwọn.

Ìdí kejì wà nínú àbùdá tí a ń jogún. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ rí i pé àbùkù nínú àbùdá kan tó ń jẹ́ SDHD lè mú kí kókó yìí máa yọ nínú ìdílé kan náà. Ohun tó yani lẹ́nu nínú rẹ̀ ni pé bí ọmọ bá jogún àbùkù náà láti ọ̀dọ̀ bàbá ni kókó fi sábà máa ń yọ. Èyí tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá sábà máa ń bọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà lè gbé e fún ọmọ tirẹ̀. Nítorí náà, àìsàn yìí lè fo ìran kan, kó tún yọjú ní èyí tó tẹ̀lé e. Ó dára kí ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè bóyá ẹnì kan nínú ẹbí bàbá yín ti ní kókó ọrùn rí.

Ohun tí ọwọ́ lè sọ, àti ibi tí agbára ọwọ́ mọ

Dókítà tó fara balẹ̀ lè fura kí ẹ̀rọ kankan tó dé. Bó bá fi ìka ti kókó náà sí ọ̀tún àti òsì, á gbọ̀n díẹ̀. Bó bá tì í sókè àti sísàlẹ̀, kì í yẹ̀, nítorí pé ara iṣan tó lọ gbọnrangandan látòkè délẹ̀ ló so mọ́. Ó lè máa lù kìkì lábẹ́ ọwọ́. Bí dókítà bá gbé ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ ọkàn lé e, ó lè gbọ́ ariwo ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré kọjá.

Ṣùgbọ́n àmì wọ̀nyí kò tó láti fi dá ẹjọ́. Kókó mìíràn tó bá fara ti iṣan ẹ̀jẹ̀ náà lè máa fò sókè sódò bí iṣan bá ti ń lù. Iṣan fúnra rẹ̀ lè wú, tàbí kó lọ́ kọ́rọkọ̀rọ lọ́rùn àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá fínra, kí ènìyàn sì pè é ní kókó. Ìkìlọ̀ kan tún wà fún àwọn tó máa ń fi òróró ra kókó ọrùn: títẹ ojú oríta yìí mọ́lẹ̀ lè mú kí ọkàn lù lọ́ra lójijì, kí ènìyàn sì ṣubú.

Bí CT ṣe ń rí ohun tí ojú kò rí

X-ray lásán dà bí òjìji. Bí ènìyàn mẹ́ta bá tò sẹ́yìn ara wọn níwájú àtùpà, òjìji kan ṣoṣo ni yóò hàn lára ògiri, a kò sì ní mọ ẹni tó ṣíwájú. Ohun tí ẹ̀rọ CT ń ṣe ni pé ó ń gbé ìtànṣán X-ray yí ènìyàn ká, ó ń ka òjìji láti gbogbo igun, kọ̀ǹpútà á sì fi ìṣirò to gbogbo rẹ̀ padà, títí tí inú ara yóò fi hàn ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí búrẹ́dì tí wọ́n gé.

Godfrey Hounsfield, ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ EMI nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ kan náà tí àwọn àgbà wa mọ̀ sí ti àwo orin, ló ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí wọ́n lò fún aláìsàn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1971, wọ́n fi ya àwòrán ọpọlọ obìnrin kan ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní London. Ilẹ̀ Áfíríkà náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà gbọ́ ọ: Allan Cormack, tí wọ́n bí ní Johannesburg, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìṣirò rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town lọ́dún 1956. Àwọn méjèèjì ló jọ gba àmì ẹ̀yẹ Nobel ti ọdún 1979.

Fún kókó ọrùn tí à ń sọ yìí, CT lásán kò tó. Bí wọ́n bá ya á láìfún aláìsàn ní nǹkan kan, àwọ̀ eérú kan náà ni kókó náà àti ẹran ara tó yí i ká yóò ní. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa omi oògùn kan tó ní áyódíìnì sínú iṣan apá, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ń pè ní kọ́ńtíráàsì. Áyódíìnì ń dí ìtànṣán lọ́nà, nítorí náà ibikíbi tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé e dé yóò funfun gbòò nínú àwòrán. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí oògùn náà bá dé ọrùn ni ẹ̀rọ yóò ya á.

Níbẹ̀ ni àṣírí ti ń tú. Kókó ikọ́ ẹ̀gbẹ sábà máa ń funfun létí, kí àárín rẹ̀ sì ṣókùnkùn nítorí pé ó ti kú nínú. Àpò omi tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn lọ́rùn yóò ṣókùnkùn látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n kókó carotid yóò gbiná bí àtùpà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tó iṣan ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rí kejì ni ibi tó wà àti ohun tó ṣe síbẹ̀. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín yín di ẹyin kan mú. Bí ẹyin náà bá ti tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ìka méjèèjì yóò ṣe yà síra wọn tó. Bí kókó yìí ṣe ń ya ẹ̀ka iṣan méjèèjì nípá nìyẹn, tí wọn yóò tẹ̀ yí i ká lọ́tùn-ún lósì. Àwọn òyìnbó fi irísí náà wé dùùrù ayé àtijọ́ kan tí apá rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síta. Bí dókítà tó ń ka àwòrán bá rí i pé kókó náà gbiná, tó tún rí i pé ó wà láàárín ẹ̀ka méjèèjì, iyèméjì rẹ̀ kò ní pọ̀ mọ́. Irú kókó kan wà tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, tó ń hù lára iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ọ̀fun àti ọkàn. Ìyẹn náà ń gbiná, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń ti ẹ̀ka méjèèjì síwájú pọ̀, kì í là wọ́n láàárín.

Àwọn ìbéèrè tí oníṣẹ́ abẹ fẹ́ kí àwòrán dáhùn

Mímọ orúkọ àìsàn nìkan kọ́ ni àǹfààní àwòrán náà. Ní ọdún 1971 kan náà tí Hounsfield fi ya ọpọlọ, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà pín kókó yìí sí ìsọ̀rí mẹ́ta, a sì ń fi orúkọ Shamblin pe ìpín náà títí dòní. Èyí àkọ́kọ́ kéré, ó rọrùn láti yà kúrò lára iṣan. Ìkejì ti gbá apá kan iṣan mọ́ra. Ìkẹta ti yí iṣan ká pátápátá bí ìgbà tí ẹran ara igi bá gbé wáyà odi mì. Nígbà náà, ìgbà tí wọ́n bá ti la ọrùn tán ni wọ́n tó ń mọ èyí tó jẹ́. Lónìí, CT ń jẹ́ kí wọ́n fojú bù ú ṣáájú, nípa wíwo bó ṣe yí iṣan ẹ̀ka inú ká tó.

Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn fún aláìsàn. Ìsọ̀rí kìíní lè jẹ́ iṣẹ́ abẹ tí kò le púpọ̀. Ìkẹta lè béèrè pé kí wọ́n gé apá kan iṣan ọrùn náà, kí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí nǹkan bá yí padà nídìí èyí, aláìsàn lè bá àrùn rọpárọsẹ̀ dìde. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ oníṣẹ́ abẹ tó mọ̀ nípa iṣan ẹ̀jẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, ó ń fẹ́ ibi ìtọ́jú àkànṣe. Bí orí kókó náà bá ti sún mọ́ ìsàlẹ̀ agbárí tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń nira sí i, CT ló sì ń sọ iye tó kù. Àwòrán náà tún lè fi iṣan kéékèèké tó ń bọ́ kókó náà hàn, kí wọ́n lè dí wọn kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, bí irinṣẹ́ bá wà.

Ìbéèrè kan wà tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ju bí a ṣe ń kà á sí lọ: ìhà kejì ọrùn ńkọ́? Nínú àwọn tí àìsàn yìí ti inú ìdílé wá, ó wọ́pọ̀ kí kókó wà ní ìhà méjèèjì, kí ọ̀kan ṣì kéré débi tí ọwọ́ kò lè bà á. Bí wọ́n bá yọ méjèèjì láìronú, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lè máa ru, kó tún máa wálẹ̀ lójijì, nítorí pé àwọn ohun tó ń ṣọ́ ọ lọ́rùn ti bá iṣẹ́ abẹ náà lọ. CT ń fi ìhà méjèèjì hàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí CT kò lè sọ náà wà. Kò lè fi ìrísí kókó nìkan mọ èyí tí yóò tàn kálẹ̀. Kò lè sọ bóyá kókó náà ń tú èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru sínú ara, èyí tí àwọn díẹ̀ ń ṣe. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ti ìtọ̀ ló ń sọ ìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n ṣe é ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rọ MRI, tí kì í lo ìtànṣán X-ray, ń fi àwọn ẹran ara tó yí kókó ká hàn dáadáa jù ú lọ, bí ó bá wà nítòsí, tí agbára sì ká a.

Kí ẹ tó san owó

Ìlú ńlá ni ẹ̀rọ CT sábà máa ń wà lágbègbè wa, àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ sì ti ń san owó rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo ìwé tí dókítà kọ fún yín dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé "CT ọrùn" nìkan ni wọ́n kọ, ẹ béèrè bóyá kọ́ńtíráàsì wà nínú rẹ̀, àti bóyá ó kan iṣan ẹ̀jẹ̀ láti òkè àyà títí dé agbárí. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ẹni tó bá ṣe é láìsí kọ́ńtíráàsì lè ní láti padà wá san owó kejì.

Ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún, wà káàkiri, owó rẹ̀ sì kéré. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń fi ìṣàn ẹ̀jẹ̀ hàn, ó lè sọ fún dókítà pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn gidigidi nínú kókó yìí. Ìyẹn nìkan ti tó láti fi dá ọ̀bẹ dúró títí CT yóò fi ṣeé ṣe. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín lè má fa ìjàǹbá nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ló fà jáde, kò ní sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni.

Wọn yóò kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá kíndìnrín ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí pé òun ni yóò tú kọ́ńtíráàsì náà dànù. Ẹ sọ bí ẹ bá ní ikọ́ fée tàbí gẹ̀gẹ̀, bí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá ti bá ara yín jà rí, bí ẹ bá ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ, tàbí bí oyún bá wà. Ẹ bọ́ yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn, eyín àtọwọ́dá àti pín-ìn-nì irun, nítorí pé irin lọ́rùn ń da àwòrán rú. Bí oògùn náà bá ń wọlé, ooru yóò gba gbogbo ara, ẹnu a máa rùn bí irin, ó sì lè ṣe yín bí ẹni tó ti tọ̀ sára. Ẹ má bẹ̀rù, yóò kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má gbé itọ́ mì nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yà yín, ẹ má sì sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Fún àgbàlagbà tí kókó rẹ̀ kéré, tí kò sì dí i lọ́wọ́, dókítà lè ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, tàbí kí wọ́n lo ìtànṣán láti dá ìdàgbà rẹ̀ dúró. Ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ bẹ́ẹ̀ yóò padà ya àwòrán lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, wọn yóò sì fi wé ti àkọ́kọ́ láti mọ iye mìlímítà tó fi tóbi. Nítorí náà, ẹ gba àwòrán náà sórí àwo CD, kì í ṣe bébà èsì nìkan, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí oòrùn kò ti ní pa á.